Ọjọ́ Tí Sèbé Bá Ìyá Olómi Nínú Balùwẹ̀

Bí ẹ bá dé Ilero tí ẹ ní Tíṣà Mojọlá lẹ ń wá, wọ́n lè bi yín pé tíṣà wo nínú àwọn tíṣà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Olómi, ọmọdé tí kò tíì mọ owó ná gan-an á fi ìka júwe ilé fún yín. Obìnrin náà kò ta omi rí láyé rẹ̀ o. Ìwẹ̀ ló ń wẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wẹ̀ lójúmọ́: kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, bí ó bá ti dé láti ilé-ìwé, àti kí ó tó sùn. Kì í sì í ṣe ìwẹ̀ tí àwọn ọmọ tó ti pẹ́ ilé-ìwé máa ń wẹ̀, tí wọ́n á bu omi sójú, bu omi sẹ́sẹ̀, tí wọ́n á sì kó sínú aṣọ. Tirẹ̀ ní ètò. Á gbá balùwẹ̀, á fọ òkúta pẹrẹsẹ tí ó ń dúró lé, á sì ta ìró sórí ilẹ̀kùn páànù kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa kan ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tí ó rà ní ọjà Ìsẹ́yìn, èyí tó gùn débi pé bí ó bá fi kọ́ ìṣó, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Á fi ọṣẹ bo ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á ṣan án, á tún bò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ọṣẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí gan-an ni ọ̀tá àwọn ará ilé, torí pé bí ó bá fi máa dé orí rẹ̀, omi á ti tán.

"Ẹ bá mi bu omi díẹ̀ o!"

Ohùn tí ó fi ń pe orúkọ ọgọ́ta ọmọ ní kíláàsì ló fi ń kígbe yìí láti inú balùwẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí ó ti ń kígbe náà nínú agbo-ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀, Isaac, ń gbé. Isaac ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìsẹ́yìn, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Success, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ṣakí. Ta ni yóò wá bu omi fún Ìyá Success bí kò ṣe àwọn tí wọ́n jọ ń gbé?

Nígbà òjò, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lo oṣù Èrèlé ní Òkè-Ògùn rí mọ ohun tí omi ń jẹ́. Kànga inú agbo-ilé ti gbẹ, ìdí rẹ̀ ń fọ́ bí àmù tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Kànga ẹlẹ́rọ tó wà lẹ́bàá ọjà ti bàjẹ́ láti ìgbà Kérésì, àwọn tó ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe ṣì ń bọ̀ náà ni. Odò kékeré kan tó wà lọ́nà Ìgànná ni gbogbo ìlú ń sáré lọ, wọ́n á di kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọ̀kadà nínú eruku pupa. Kálukú wá gbé àgbá omi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì fi àgádágodo tì í. Ilé tí wọn kì í ti ilẹ̀kùn yàrá tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá ń ti omi mọ́lé.

Kí ló sọ obìnrin di báyìí? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bàbá tó bí Mojọlá, Ọ̀jẹ̀túndé, dá oko sí etí odò nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré. Àwọn kòkòrò etí odò náà jẹ ẹ́ títí ara rẹ̀ fi ń yún un tọ̀sán tòru, nígbà tí ó yá, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, nígbà tí ó tún yá, ó fọ́ pátápátá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Mojọlá nígbà tí ó di ẹni tí ń di orí ọ̀pá mú níwájú kí bàbá rẹ̀ lè di ìdí rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀rù. Bí ọmọ bá ti etí odò dé, ìwẹ̀. Bí ó bá ti oko dé, ìwẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sùn, ìwẹ̀. Mojọlá ti kàwé, ó mọ̀ pé kì í ṣe ìdọ̀tí ló gba ojú bàbá òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ìyá bá fi kànìnkànìn kọ́ ọmọ kì í tán lára bọ̀rọ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ó sì ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ bí ó bá lá àlá burúkú, ọ̀pá yẹn ló máa ń rí.

Ẹni tí ó máa ń bá a jà jù lórí omi ni Àwáwù, ìyá Àríyọ̀, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí balùwẹ̀. Àwáwù fi ọdún mẹ́fà ju Mojọlá lọ, gàrí ló sì ń yan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti yi débi pé ó lè fi wọ́n gbé ìkòkò gbígbóná kúrò lórí iná. Ojoojúmọ́ làwọn méjèèjì ń jà, ojoojúmọ́ náà ni wọ́n jọ ń jẹun. Ìjà wọn ti di ohun tí àwọn ará ilé fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, ìjà náà le díẹ̀ sí i. Àríyọ̀, ọmọ Àwáwù, ti wálé wá bímọ, ọmọkùnrin làǹtì-lanti, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sì máa sọ ọmọ lórúkọ. Ràsáàkì ọlọ́kadà tó ń gbé yàrá ìkángun fi odidi ọjọ́ kan pọn omi láti odò títí àgbá Àwáwù fi kún dé ẹnu. Àwáwù ra àgádágodo tuntun, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró ara rẹ̀ ní kókó mẹ́ta, ó wá dúró síwájú Mojọlá.

"Tíṣà, wò ó dáadáa. Omi ìkómọ nìyí. Bí ó bá dín ní ife kan péré, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa wọ̀yá ìjà."

"Ìyá Àríyọ̀, ta ló fẹ́ fọwọ́ kan omi yín? Ẹ̀yin ẹ máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ góòlù."

Ràsáàkì tó ń fọ ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ fi ẹnu sí i. "Ìyá Success, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa bẹ̀rù ni balùwẹ̀ yẹn. Omi tí ẹ ń dà síbẹ̀ ló ń pe ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sì í dá rìn."

"Ta ló ń tẹ̀lé e?"

"Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni."

Mojọlá rẹ́rìn-ín títí. Lóòótọ́ ló ti fi bàtà lé ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́ta jáde lọ́sẹ̀ náà. Kò sì síbì kan tó tutù ní gbogbo àyíká ju ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ló ti ń wẹ̀ níbẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó sì gbà pé òun kò ní rí nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀ ni. Oòrùn ọ̀sán ọjọ́ náà mú débi pé àwọn ewúrẹ́ ń bá ènìyàn du abẹ́ igi. Mojọlá ti ilé-ìwé dé, eruku pupa ti kun ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó gbé omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó ta ìró sórí ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, torí náà kò gbá ilẹ̀, kò sì fọ òkúta. Nínú ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó fo ètò ìwẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ó fi ọṣẹ, ó ṣan án. Ó fi ọṣẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì bo orí, ó ń hó yee. Ó na ike sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, gbà, ìdí ló kàn.

"Ẹ bá mi bu omi díẹ̀ o!"

Àwáwù pòṣé nídìí agbada gàrí. "Omi ìkómọ ni kí n bù fún ọ? Fi ọwọ́ nu ara, jàre!"

Mojọlá rẹ́rìn-ín sínú ọṣẹ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wo ìṣó láti mú kànìnkànìn. Kànìnkànìn wà níbẹ̀. Kí wá lèyí tó ká jọ sí igun balùwẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí omi ń gbà jáde? Kànìnkànìn lòun náà, Mojọlá sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ń bínú, ó ń rò ó pé ta ló fi kànìnkànìn rẹ̀ sílẹ̀ sínú balùwẹ̀ òun. Bẹ́ẹ̀ ni kànìnkànìn náà gbé orí sókè.

Ó gbé orí sókè, ó sì fẹ ọrùn. Sèbé ni! Dúdú, ó ń dán, ó ga tó orúnkún ènìyàn, òun àti Ìyá Success sì ṣe ojú mẹ́rin. Ẹsẹ̀ Mojọlá kọ̀ láti gbéra. Ọwọ́ rẹ̀ tó mú ike kọ̀ láti sọ ọ́. Kí ó tó rántí ibi tí ilẹ̀kùn wà, ó gbọ́ fín-ín-ín, nǹkan tútù kan sì bà á lójú méjèèjì. Ó tutù fún ìwọ̀nba àkókò tí ènìyàn fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni iná dé. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ata nu ojú rí, kí ó fi ogún sọ ọ́ di púpọ̀.

"Yéè! Ojú mi o! Omi! Ẹ fún mi lómi o!"

Ẹ wá wo bí ìwà ẹni ṣe ń dá ẹjọ́ ẹni. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, obìnrin yìí kan náà ti kígbe ọ̀rọ̀ yìí kan náà nígbà tí ọṣẹ kò tíì dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pàápàá. Ràsáàkì sáré, ó fi abọ́ omi ara rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ tí ẹni tí ojú ń ta bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyìn lábẹ́ omi. Nítorí náà, nígbà tí igbe dé lọ́jọ́bọ̀, Ràsáàkì tó ń de ṣéènì ọ̀kadà rẹ̀ kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Wọ́n tún ti dé," ó ní.

"Ọṣẹ kì í pani," Àwáwù dá a lóhùn, ó ń yan gàrí lọ.

Nínú balùwẹ̀, ọ̀rọ̀ náà, ejò, kò wá sí Mojọlá lẹ́nu. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ nínú iná yẹn kì í ṣe ejò mọ́. Ọ̀pá ni. Ó rí ọ̀pá bàbá rẹ̀, ó rí orí rẹ̀ tí ọwọ́ ọmọdé ti mú kí ó dán, ó sì rí i pé Success ló di orí ọ̀pá náà mú, òun fúnra òun ló wà lẹ́yìn. Igbe tí ó ké tẹ̀lé e kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn páànù, ilẹ̀kùn là, ó ṣubú sí gbangba.

Àwáwù gbé orí láti bú u. Èébú náà kò jáde. Ìró ṣì wà lórí ilẹ̀kùn, Ìyá Success sì wà níta ní ọ̀sán gangan, ìhòòhò ọmọlúwàbí, ọṣẹ lórí, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì táràrà ilẹ̀. Obìnrin tí kì í jáde nínú balùwẹ̀ láìró ìró dé ọrùn! Ìgbákọ bọ́ lọ́wọ́ Àwáwù, ó bọ́ sínú iná.

"Kí ni? Mojọlá, kí ni?"

"Ejò!" Ọ̀rọ̀ náà jáde wàyí. "Ó tutọ́ sí mi lójú! Ẹ gbà mí, ojú mi ti lọ!"

Àwáwù bọ́ ìró òkè, ó jù ú bo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sáré dé ìdí àgbá, ó na ọwọ́ sí etí ìró láti mú kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ dà? Ó wà létí ìró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jù bo Mojọlá! Ó sáré padà, ó ń wá kókó náà lára ẹni tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Ó rí i. Ó fẹ́ tú u, kókó mẹ́ta tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta kò tú. Ó bú kókó, ó bú ẹni tó ta á, ó wá fi eyín já a. Àgádágodo ṣí, ìdérí àgbá fò lọ sọ́hùn-ún, ó gbé orí Mojọlá lé itan.

"La ojú!"

"Kò ṣeé là!"

"Mo ní kí o là á!"

Ìka tí iná gàrí kò lè jó ló fi ya ìpéǹpéjú náà. Ó bu omi, ó ń rọra da á láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí, ojú ọ̀tún, ojú òsì, ojú ọ̀tún. Ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ìhà gbogbo. Ràsáàkì ní kí wọ́n mú epo pupa wá. Àríyọ̀ sáré jáde nínú yàrá, ó ti ń tú bọ́tìnnì aṣọ, ó ní ọmú ni kí òun fún sí i lójú, ó kúkú ń ṣàn.

"Rárá o!" Mojọlá kígbe. Tíṣà kì í kú nínú tíṣà. "Omi! Omi lásán! Mo ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ní Kíláàsì Márùn-ún! Ẹ má dáwọ́ dúró!"

"Ẹ ti gbọ́ ohun tó wí," Àwáwù ní. "Ràsáàkì, ṣé ọkùnrin ni ọ́ àbí o kàn ń wọ ṣòkòtò? Lọ wá ejò!"

Ràsáàkì gbé igi, ó dé ẹnu balùwẹ̀, ó rí ìró lórí ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ́ ilé mà dára o. Ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ní, "Àgò o!"

Ta ni yóò yà á, ejò? Àwọn tó gbọ́ ọ kò ráyè rẹ́rìn-ín, torí pé sèbé gba abẹ́ páànù jáde, ó sì forí lé ibi tí wọ́n ti ń fọ ojú. Ràsáàkì ké, ó fò sórí ọ̀kadà rẹ̀, ọ̀kadà wó lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, irin klọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà náà kán. Àríyọ̀ ló mú ọmọ odó. Abiyamọ ọjọ́ mẹ́fà! Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ sí ejò lórí lẹ́ẹ̀kan, ó tún sọ ọ́, ó tún sọ ọ́, títí ìyá rẹ̀ fi ní ó tó, kí ó má lu ilẹ̀ pa. Wọ́n ṣáà ní bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú.

Àwáwù kò tilẹ̀ yíjú wo ibẹ̀. Ó ń bu omi, ó ń dà á. Oòrùn kúrò lórí òrùlé, ó bọ́ sí ẹ̀yìn igi máńgòrò, ó ṣì ń dà á. Nígbà tí ó pẹ́, Mojọlá gbọ́ ìró kan. Ike ló ń ha ìdí àgbá. Kò sí ẹni tó mọ ìró yẹn tó Mojọlá ní gbogbo Ilero, ìró náà gan-an ló sì wá wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju oró lọ.

"Ìyá Àríyọ̀," ó ní. "Omi ìkómọ ni."

"Pa ẹnu dé, kí omi má baà wọ̀ ọ́ lọ́fun."

Ọ̀kadà mìíràn ni wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, òun láàárín, Àwáwù lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tóyọ̀sí yẹ ojú náà wò, ó kán oògùn sí i, ó sì fi báńdéèjì dì í méjèèjì. Ó béèrè pé ta ló fọ ojú yìí. Mojọlá ní ayangàrí tó tẹ̀lé òun wá yìí ni.

"Ẹ bá mi kí i. Ohun tó yẹ kí á ṣe, ó ti ṣe é kí ẹ tó dé ibí. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé, ká wo ohun tó kù."

"Ṣé màá ríran?"

"Ìyá, ọjọ́ Ajé."

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló lè sùn lórí irú èsì bẹ́ẹ̀? Isaac dé ní ọjọ́ Ẹtì, ó ń fi ọwọ́ mú ìyàwó rẹ̀ kiri inú ilé. Lọ́nà ilé ìyàgbẹ́, ẹsẹ̀ Mojọlá kọ òkúta, Isaac sì yọ igi ìgbálẹ̀, ó fi orí rẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó ní kí ó di ìyẹn mú, òun á máa fà á. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí ó ṣe. Mojọlá sọ igi náà sílẹ̀ bí ẹni tó di ejò mú, ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún, omijé sì ta á lójú ju ti àná lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àwáwù wá jókòó tì í. Kò sọ̀rọ̀ omi rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kí Mojọlá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burú. Ó fi etí gbọ́ ohun tó ń lọ nínú ilé: ọ̀kadà Ràsáàkì kò ṣiṣẹ́, àlejò yóò dé ní òwúrọ̀, àwọn ará ilé sì ti dá omi abọ́ kọ̀ọ̀kan jọ, kò ju èyí tí wọ́n lè fi fọ àwo lọ. Mojọlá yí orí sí ògiri, bí ẹni pé wọ́n lè rí ojú rẹ̀ lábẹ́ báńdéèjì.

"Ìyá Àríyọ̀, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà wò ó."

Àwáwù tẹ̀ ba. Ó fa kẹ́ẹ̀gì kan jáde. Ó kún. Ó fa èkejì. Ó kún. Nígbà tí yóò fi fa ẹ̀kẹfà jáde, òógùn ti bò ó. Mojọlá ń dúró de èébú.

"Mojọlá," ó ní níkẹyìn. "O ní omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, o sì ń kígbe lójoojúmọ́ pé kí á bu omi díẹ̀ fún ọ?"

"Ti ìwẹ̀ alẹ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ó lè tán."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé Àwáwù, ó rín in títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló wá bú u, ó bú u dáadáa, ó bú u bí ó ṣe yẹ. Ara Mojọlá wá balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fi omi abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sọ ọmọ lórúkọ, àlejò jẹ, wọ́n mu, kò sí ẹni tó béèrè odò tí wọ́n ti pọn ọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé, Àwáwù tẹ̀lé e padà sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ń tú báńdéèjì, Mojọlá sì di ọwọ́ Àwáwù mú débi pé ìka ń dun àwọn méjèèjì. Ó la ojú. Funfun ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan dúdú kan, tó sún mọ́ ọn, tí kò mí. Ó ṣẹ́jú. Nǹkan dúdú náà ní ilà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì fẹ́ sunkún.

"Ìyá Àríyọ̀," Mojọlá ní, "ẹ ò fi tìróò sójú lónìí."

Àwáwù gbá a létí, ó sì dì mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, nọ́ọ̀sì náà sunkún.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan yí padà. Wọ́n gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀, wọ́n fi símẹ́ńtì dí ihò omi, ó ku èyí tí ìka lè wọ̀. Ràsáàkì ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀, pé omi ìwẹ̀ ló pe ejò, Àwáwù sì ń dá a lóhùn pé ẹni tó ń kágò fún ejò kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mojọlá ṣì ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ni yóò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ọṣẹ ẹ̀ẹ̀kan ni, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kò sì kígbe mọ́.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Igbe, tí òjò ṣì ń ṣe bí ẹni kò mọ ọ̀nà Ilero. Ara ń gbóná, ọkàn rẹ̀ wà lórí ìdánwò àwọn ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣèèṣì fi ọṣẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì bo orí. Ó na ike, ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ló kàn. Kí ó tó mọ̀, ẹnu tó ti mọ́ lára fún ọdún mọ́kànlá ti là.

"Ẹ bá mi bu omi díẹ̀ o!"

Ó gbọ́ ìró àwo tó fọ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn páànù ṣí gbàù, ìró orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, Àwáwù sì wọlé láìwé gèlè, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ní ọwọ́ kan, ọmọ odó ní èkejì. Àríyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ràsáàkì wà níta, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó gbé igi sókè, kò sì kágò.

"Ibo ló wà?"

"Ìyá Àríyọ̀, kò sí nǹkan kan." Ojú ti Mojọlá débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. "Ọṣẹ ni."

Àwáwù kò gbà á gbọ́. Ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi ọmọ odó sún òkúta, ó gbé kànìnkànìn kúrò lórí ìṣó, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì dá a padà. Lẹ́yìn náà ló pòṣé, pòṣé gígùn tó ti wà ní ìpamọ́ láti oṣù Èrèlé. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó kún dé ẹnu síwájú òkúta, ó mú ìró nílẹ̀, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó sì ta ìró padà sórí rẹ̀. Mojọlá gbọ́ tí ó ń lé àwọn yòókù padà.

Ó bu omi sí orí. Ó ń fetí sí ẹsẹ̀ Àwáwù kí ó lè mọ ìgbà tí yóò lọ. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan. Lábẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí páànù kò ti kan ilẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ méjì tí eruku gàrí ti kùn ní funfun, àti ìdí ọmọ odó láàárín wọn.

"Ìyá Àríyọ̀, ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Wẹ̀, Tíṣà."